Bí A Ṣe Ń Ka Ohun Tí Ojú Kò Rí: Iye Átọ́ọ̀mù Síǹkì Tí Ó Wà Lára Páànù Òrùlé Wa

(Ọ̀rọ̀ tí a kọ fún kíkà sókè ní àwọn yàrá ìkàwé ní agbègbè Ọ̀fà, Ìpínlẹ̀ Kwara)

 

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí lè kọ́kọ́ dà bí àlọ́ létí yín. Mo fẹ́ kí a jọ ka iye ohun kan tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú ènìyàn kò lè rí i, tí ọwọ́ kò lè mú un, tí ó sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò sí ẹni tí ó lè kà á tán bí ó tilẹ̀ lo gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Síbẹ̀, òṣùwọ̀n kan, rúlà kan, àti ìṣirò ìsọdipúpọ̀ òun pínpín tó láti kà á. Ohun náà ni átọ́ọ̀mù síǹkì tí a fi bo ara páànù tí ó wà lórí ilé wa.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti kọ́lé rí mọ̀ pé owó òrùlé kì í ṣe owó kékeré. Bí ènìyàn bá lọ ra páànù, ó lè rí oríṣi méjì tí wọ́n ń dán gbinrin bákan náà. Ó gbé wọn dé ilé, káfíńtà kàn wọ́n mọ́ igi. Ọdún díẹ̀ kọjá, ọ̀kan ti pọ́n bí osùn, omi ti ń jò gba ibi ìṣó; èkejì sì wà bí ó ti wà. Ìyàtọ̀ náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ó ti lè wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí a ti rà wọ́n. Ojú ni kò lè rí i. Ìṣirò tí a fẹ́ ṣe yìí ni yóò fi í hàn.

PÁÀNÙ ÀTI AṢỌ RẸ̀

Ní ayé àtijọ́, koríko bẹẹrẹ àti ewé ni àwọn baba wa fi ń bo ilé. Lẹ́yìn náà ni páànù dé láti òkè òkun. Ọkọ̀ ojú omi ni ó ń gbé e wá sí etíkun. Nígbà tí ọ̀nà reluwe dé Ìbàdàn ní 1901, tí ó sì gba Òṣogbo àti Ọ̀fà kọjá lọ sí Ìlọrin, tí ó dé Jẹ́bà ní 1909, ẹrù wíwúwo láti Èkó rí ọ̀nà tí ó rọrùn dé ilẹ̀ wa.

Irin ni páànù tí mo ń sọ yìí. Ọ̀gbẹ́ni Henry Robinson Palmer, ará Lọ́ńdọ̀nù, ni ó gba ìwé àṣẹ ní 1829 lórí ọgbọ́n títẹ irin pẹlẹbẹ bí ìgbì omi kí ó lè lágbára. Ṣùgbọ́n irin ní ọ̀tá kan, èyíinì ni ìpáàrà. Bí omi àti afẹ́fẹ́ bá pàdé lára irin, irin a máa dógùn-ún, a máa di erùpẹ̀ pupa. Ní 1837, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Stanislas Sorel gba ìwé àṣẹ lórí ọgbọ́n ríri irin bọ inú síǹkì yíyọ́ kí síǹkì lè bò ó lára. Láti ìgbà náà ni irin ti ní aṣọ.

Ẹ jẹ́ kí a mọ iṣẹ́ tí aṣọ yìí ń ṣe. Ọ̀fà jẹ́ ìlú tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ìjàkadì, nítorí náà ohun tí mo fẹ́ sọ yóò yé e yín kíákíá. Nígbà tí omi àti afẹ́fẹ́ bá wá bá irin jà, síǹkì ni ó ń bọ́ sójú agbo dípò rẹ̀. Síǹkì ni wọ́n ń jẹ, irin sì jókòó sẹ́yìn. Kódà bí a bá fi ìṣó ha páànù lára tí irin yọ díẹ̀, síǹkì tí ó wà létí ibẹ̀ yóò ṣì máa gba ìjà náà jà fún un. Ṣùgbọ́n ìjà náà ní òpin. Ọjọ́ tí síǹkì bá tán ni irin yóò bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Nítorí náà, ìbéèrè tí ó tọ́ kí a bi páànù kì í ṣe pé, "Ṣé o ń dán?" Ìbéèrè tí ó tọ́ ni pé, "Síǹkì rẹ ti pọ̀ tó?"

KÍ NI ÁTỌ́Ọ̀MÙ?

Bí a bá mú ègé síǹkì kan tí a gé e sí méjì, tí a tún gé ìdajì náà sí méjì, tí a sì ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, a óò dé ibì kan tí a kò ní lè gé e mọ́ kí ó sì tún jẹ́ síǹkì. Èyí tí ó kéré jù lọ yẹn ni à ń pè ní átọ́ọ̀mù síǹkì. Irin ní átọ́ọ̀mù tirẹ̀, wúrà ní tirẹ̀, bàbà ní tirẹ̀. Gbogbo ohun tí a lè fọwọ́ kàn ni a fi átọ́ọ̀mù kọ́, gẹ́gẹ́ bí a ti ń fi búlọ́ọ̀kù kọ́ ilé.

Bí a bá to átọ́ọ̀mù síǹkì sí orí ìlà kan, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì, yóò gba nǹkan bíi 4,000,000 wọn kí wọ́n tó gùn tó mìlímítà 1. Báwo wá ni a ó ṣe ka irú nǹkan bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ọjà wa. Bí wọ́n bá ní kí ìyá oníṣòwò kan sọ iye hóró ẹ̀wà tí ó wà nínú àpò ńlá kan, kò ní jókòó kí ó máa kà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Yóò ka 100 hóró, yóò gbé e lé òṣùwọ̀n. Yóò gbé gbogbo àpò náà lé òṣùwọ̀n pẹ̀lú. Lẹ́yìn náà yóò wo ìlọ́po mélòó ni àpò náà fi wúwo ju 100 hóró lọ. Ó ti ka ẹ̀wà rẹ̀ tán láì jẹ́ pé ó kà á. Wíwọ̀n ti di kíkà.

Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń ṣe bákan náà. Kìkì ohun tí ó dí wọn lọ́wọ́ ni pé kò sí bí wọ́n ṣe lè ṣa 100 átọ́ọ̀mù sọ́tọ̀ lé òṣùwọ̀n. Nítorí náà wọ́n ní láti wá ọ̀nà mìíràn láti mọ iye tí ó wà nínú ìwọ̀n kan.

Ọ̀KẸ́ ÀWỌN ONÍMỌ̀ SÁYẸ́ǸSÌ

Nígbà tí owó ẹyọ ń bẹ lóde, àwọn baba wa kò ń ka ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú owó ńlá. Wọn a sín 40 ẹyọ sí okùn kan. 50 okùn jẹ́ ẹgbàá, èyíinì ni 2,000. Ẹgbàá mẹ́wàá jẹ́ ọ̀kẹ́ kan, èyíinì ni 20,000. Ẹni tí ó bá ti ní ọ̀kẹ́ mẹ́ta ti mọ iye tí òun ní.

Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì náà ní ọ̀kẹ́ tiwọn. Orúkọ tí wọ́n ń pè é ni móòlù. Móòlù kan jẹ́ 6022 tí a tẹ òdo 20 tẹ̀ lé. Ẹ má jẹ́ kí iye náà dẹ́rù bà yín. Ọ̀kẹ́ ni, ó kàn tóbi ni.

Ohun kan wà nínú owó ẹyọ tí yóò ràn wá lọ́wọ́. Ẹyọ kéékèèké wà tí ó ti erékùṣù Maldives wá, ẹyọ ńláńlá sì wà tí ó ti Zanzibar wá. Ọ̀kẹ́ kan kékeré àti ọ̀kẹ́ kan ńlá jẹ́ iye kan náà, 20,000 ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n ọ̀kẹ́ ńlá wúwo lọ́rùn ju ọ̀kẹ́ kékeré lọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni móòlù. Móòlù kan álúmíníọ́ọ̀mù wúwo tó gíráàmù 26.98. Ti irin wúwo tó 55.85. Ti síǹkì wúwo tó 65.38. Ti wúrà wúwo tó 196.97. Iye átọ́ọ̀mù tí ó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dọ́gba. Ìwọ̀n wọn ni kò dọ́gba, nítorí pé átọ́ọ̀mù kan wúwo ju èkejì lọ.

Ta ni ó wá iye yìí rí? Kì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan. Ní 1811, Amedeo Avogadro, ará Ítálì, sọ pé bí gáàsì méjì bá gba àyè kan náà, tí ooru àti agbára tí ń tẹ̀ wọ́n bá dọ́gba, iye ẹyọ wọn dọ́gba. Kò mọ iye náà. Ní 1865, Josef Loschmidt, ọmọ ilẹ̀ Austria, fi ìṣirò mọ bí ẹyọ afẹ́fẹ́ ṣe tóbi tó. Ní 1909, Jean Perrin, ọmọ ilẹ̀ Faransé, tẹ àbájáde ìwádìí rẹ̀ jáde: ó wo bí àwọn hóró kéékèèké ṣe ń jó kiri nínú omi lábẹ́ ẹ̀rọ amú-nǹkan-tóbi, ó sì ṣírò iye náà láti inú rẹ̀. Òun ni ó fi orúkọ Avogadro pe iye náà. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1926.

Ní ayé òde òní, wọ́n fi sílíkọ́ọ̀nù ṣe bọ́ọ̀lù kan tí ó wúwo tó kílógíráàmù 1, tí ó sì yí róbótó láìsí ibi tí ó wọ́. Wọ́n wọn bí ó ti tóbi tó, wọ́n wọn àlàfo tí ó wà láàárín átọ́ọ̀mù rẹ̀, wọ́n sì ka iye wọn. Ẹ tẹ́tí sí èyí: kí iye náà tó lè péye, wọ́n ní láti wọn aṣọ tín-ín-rín tí afẹ́fẹ́ fi bo ara bọ́ọ̀lù náà, kí wọ́n sì yọ ọ́ kúrò nínú ìṣirò. Aṣọ náà kò nípọn ju ìpele átọ́ọ̀mù díẹ̀ lọ. Bí wọn kò bá kà á sí, iṣẹ́ ọdún púpọ̀ ìbá bàjẹ́. Láti ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún ọdún 2019 ni gbogbo ayé ti fi ìdí iye Avogadro múlẹ̀, tí kò ní yí padà mọ́.

ÌṢIRÒ NÁÀ

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a ka síǹkì ara páànù. Ẹ̀yin olùkọ́ lè kọ ọ́ sára pátákó bí mo ti ń kà á.

Kí a gé ègé páànù pẹlẹbẹ kan, sẹ̀ǹtímítà 5 ní ìbú, sẹ̀ǹtímítà 10 ní òró. 5 lọ́nà 10 jẹ́ 50. Ojú ègé náà fẹ̀ tó 50 ìgun mẹ́rin kéékèèké, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 1 ní ìbú àti ní òró. Ìgun mẹ́rin kékeré yìí tó ìwọ̀n èékánná ìka kékeré, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a máa pè é ní "ojú èékánná kan." Ẹ má gbàgbé pé páànù ní ojú méjì, òkè àti ìsàlẹ̀, síǹkì sì wà lára méjèèjì.

Ìgbésẹ̀ kìíní: a gbé e lé òṣùwọ̀n. Kí a sọ pé ó wúwo tó gíráàmù 16.7.

Ìgbésẹ̀ kejì: a rì í sínú ásíìdì tí a ti bu omi là, títí tí síǹkì yóò fi yọ́ tán. Yóò máa hó, yóò máa yọ èéfófó. Ní kété tí híhó náà bá rọlẹ̀, síǹkì ti tán nìyẹn. Kí a yọ ọ́, kí a fọ̀ ọ́, kí a nù ún gbẹ. Ẹ jọ̀wọ́, inú yàrá ìwádìí ilé-ẹ̀kọ́ nìkan ni kí a ti ṣe èyí, lójú olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n. Ásíìdì a máa jó ara, gáàsì tí ó ń jáde sì lè gbaná. Iná kò gbọdọ̀ sí nítòsí.

Ìgbésẹ̀ kẹta: a tún gbé e lé òṣùwọ̀n. Kí a sọ pé ó kù gíráàmù 15.7. 16.7 dín 15.7 jẹ́ 1. Gíráàmù 1 ni síǹkì tí ó wà lára rẹ̀. Ìdajì rẹ̀ wà lójú òkè, ìdajì wà lójú ìsàlẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: kí a wá iye tí ó kan ojú èékánná kan. Ojú òkè ní ìdajì gíráàmù, 0.5. Pín in sí 50. Ó jẹ́ 0.01, èyíinì ni ìdá kan nínú 100 gíráàmù.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: kí a sọ ìwọ̀n di iye. Gíráàmù 65.38 jẹ́ móòlù kan. Nítorí náà a ó pín 0.01 sí 65.38, a ó sì fi iye móòlù sọ ọ́ di púpọ̀. Ìdáhùn rẹ̀ ni 921 tí a tẹ òdo 17 tẹ̀ lé.

Bẹ́ẹ̀ ni iye átọ́ọ̀mù síǹkì tí ó wà lórí ojú èékánná kan ṣoṣo lára páànù. Lórí ègé tí a gé, lókè àti nísàlẹ̀, ó jẹ́ 921 tí a tẹ òdo 19 tẹ̀ lé. Bí a bá ní kí 8,000,000,000 ènìyàn jókòó, kí olúkúlùkù máa ka átọ́ọ̀mù kan ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan láìsùn láìjẹun, yóò gbà wọ́n ju 36,000 ọdún lọ kí wọ́n tó ka síǹkì ègé páànù kékeré yẹn tán. Òṣùwọ̀n sì ti kà á fún wa láàárín wákàtí kan.

Ṣé a lè mọ bí aṣọ náà ti nípọn tó? A lè mọ̀ ọ́n. Síǹkì wúwo ju omi lọ ní ìlọ́po 7.14. Bí a bá pín 0.01 sí 7.14, a ó rí 0.0014 sẹ̀ǹtímítà. Àwọn onímọ̀ a máa pe ìdá kan nínú 1,000 mìlímítà ní máíkírọ́ọ̀nù. Nítorí náà aṣọ síǹkì náà nípọn tó máíkírọ́ọ̀nù 14. Irun orí ènìyàn púpọ̀ nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìlọ́po mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, bí a bá ka átọ́ọ̀mù láti òkè aṣọ náà dé ibi tí irin wà, a ó ka ìpele tí ó ju 56,000 lọ.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Òṣùwọ̀n ilé ìdáná kò tó fún iṣẹ́ yìí. Ó yẹ kí ó lè fi ìdá kan nínú 100 gíráàmù hàn. Kí a gé ègé mẹ́ta láti ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí aṣọ náà kì í nípọn bákan náà níbi gbogbo, kí a sì pín àròpọ̀ wọn sí mẹ́ta. Bí páànù náà bá ní ìgbì, kí a tẹ̀ lé ìgbì náà láti wọ̀n ọ́n, nítorí ìgbì ń fi fífẹ̀ rẹ̀ pamọ́. Ìwọ̀nba irin díẹ̀ sì lè wọnú síǹkì ní ibi tí àwọn méjèèjì ti pàdé, ṣùgbọ́n èyí kò tó láti ba ìṣirò wa jẹ́.

OHUN TÍ IYE NÁÀ Ń SỌ FÚN WA

Ẹnìkan lè sọ pé, "A ti gbọ́, èrè wo ni ó wà níbẹ̀?" Èrè rẹ̀ ni pé bí a bá ti mọ iye tí ó wà, a lè mọ ìgbà tí yóò tán.

Àjọ àgbáyé tí ń ṣètò òṣùwọ̀n, tí à ń pè ní ISO, ti pín afẹ́fẹ́ ayé sí ìpín-ìpín gẹ́gẹ́ bí ó ti ń jẹ síǹkì tó lọ́dún kan. Níbi tí afẹ́fẹ́ bá ti mọ́ tí ó sì gbẹ, ó lè jẹ láti ìdá kan nínú mẹ́wàá máíkírọ́ọ̀nù dé 0.7. Níbi tí ó bá wà ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, 0.7 sí 2.1. Níbi tí ìjẹ náà bá pọ̀, bí etí òkun tí iyọ̀ wà nínú afẹ́fẹ́, 2.1 sí 4.2, ó tilẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀fà jìnnà sí òkun, ọyẹ́ sì máa ń gbẹ ilẹ̀ wa fún oṣù mélòó kan lọ́dọọdún. Nítorí náà, a kò ní irú ìyọnu tí àwọn ará etíkun Èkó ní. Ṣùgbọ́n òjò wa kò kéré.

Kí a mú máíkírọ́ọ̀nù 1 lọ́dún kan gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Máíkírọ́ọ̀nù 1 jẹ́ nǹkan bíi ìpele átọ́ọ̀mù 4,000. Pín in sí ọjọ́ 365, ó jẹ́ ìpele 11 lójúmọ́. Lórí ojú èékánná kan ṣoṣo, ó ju 200,000,000,000 átọ́ọ̀mù lọ tí ó ń kúrò ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Bí mo ti ń kà á yìí, wọ́n ń lọ. Kò sí ariwo, kò sì sí àmì tí ojú rí. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ní irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀, páànù wa tí aṣọ rẹ̀ jẹ́ máíkírọ́ọ̀nù 14 yóò lo nǹkan bí ọdún 14 kí síǹkì rẹ̀ tó tán. Èyí tí aṣọ rẹ̀ jẹ́ 7 yóò lo ọdún 7. Bí a bá gbé páànù wa kan náà lọ sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń jẹ máíkírọ́ọ̀nù 4 lọ́dún, ọdún mẹ́ta àbọ̀ ni. Ẹ kíyè sí i pé ọjọ́ tí síǹkì tán kọ́ ni ilé bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Irin náà yóò kọ́kọ́ pọ́n, lẹ́yìn náà ni yóò lu. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni kò ti ní olùgbèjà mọ́, àfi bí a bá kùn ún lọ́dà.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ A BÉÈRÈ LỌ́JÀ

Àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe irin tí a fi síǹkì bò a máa fi lẹ́tà Z àti iye kan sàmì sí i. Z100 túmọ̀ sí pé gíráàmù 100 síǹkì ni ó wà lórí páànù tí ó fẹ̀ tó mítà 1 ní ìbú àti mítà 1 ní òró. Z200 jẹ́ gíráàmù 200. Z275 jẹ́ 275. Ègé tí a fi ṣe ìṣirò lẹ́ẹ̀kan, Z200 ni.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣì í nìyí: iye náà jẹ́ àròpọ̀ ojú méjèèjì. Ojú òkè tí òjò ń pa ní ìdajì rẹ̀ nìkan. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ mọ bí aṣọ náà ti nípọn tó, ẹ kọ́kọ́ pín iye náà sí méjì, kí ẹ tún wá pín in sí 7.14. Z100 yóò fún yín ní máíkírọ́ọ̀nù 7. Z200 yóò fún yín ní 14. Z275 yóò fún yín ní 19 àti díẹ̀. Ọmọ yín tí ó wà nílé-ẹ̀kọ́ lè ṣe é fún yín kí ẹ tó sanwó.

Nítorí náà, kí ẹ tó ra páànù, ẹ má ṣe béèrè nípọn irin nìkan. Irin lè nípọn, kí aṣọ rẹ̀ sì fẹ́lẹ́. Ẹ béèrè ìwé tí ó bá ọjà náà wá, kí ẹ sì wo iye síǹkì tí wọ́n kọ síbẹ̀. Bí ẹgbẹ́ tàbí ìjọ tàbí ilé-ẹ̀kọ́ kan bá fẹ́ ra páànù púpọ̀, ó tọ́ kí wọ́n ní kí a wọn àpẹẹrẹ rẹ̀ wò. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí a ń fi kan ara páànù, tí ó ń fi agbára òòfà sọ bí aṣọ náà ti nípọn tó láìgé e rárá. Ní Ọ̀fà níbí, láti 1992 ni Ilé-ẹ̀kọ́ Gbogboǹṣe Ìjọba Àpapọ̀ ti wà, àwọn ọ̀dọ́ wa sì ń kọ́ ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì níbẹ̀. Irú ìmọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Ní ti ìjọba, àjọ SON ni a gbé iṣẹ́ òṣùwọ̀n ọjà lé lọ́wọ́ ní Nàìjíríà láti 1971.

Oríṣi páànù mìíràn wà lọ́jà. Òmíràn jẹ́ irin tí a fi àdàlù álúmíníọ́ọ̀mù àti síǹkì bò, AZ ni àmì tirẹ̀. Ìṣirò rẹ̀ kò yàtọ̀, àfi pé a ó kọ́kọ́ ya ìwọ̀n álúmíníọ́ọ̀mù sọ́tọ̀ kúrò lára ti síǹkì, kí a tó ka ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú móòlù tirẹ̀. Òmíràn jẹ́ álúmíníọ́ọ̀mù láti òkè dé ilẹ̀, kò sí irin nínú rẹ̀ rárá. Ẹni tí ó bá ń rà á kí ó mọ èyí tí òun ń rà.

Ìtọ́jú náà ṣe pàtàkì. Ẹ má ṣe to páànù tuntun sílẹ̀ lórí ilẹ̀ tútù. Omi tí ó bá há sáàárín wọn yóò jẹ síǹkì di ìyẹ̀fun funfun kí a tó gbé e gun ilé. Ẹ fi igi gbé e kúrò nílẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó dagun díẹ̀ kí omi lè ṣàn lọ, kí ẹ sì bò ó. Ẹ má ṣe jẹ́ kí sìmẹ́ńtì tútù, eérú tútù tàbí iyọ̀ wà lára rẹ̀. Ẹ má sì ṣe jẹ́ kí omi tí ó ti ara bàbà ṣàn wá máa dà sórí rẹ̀, nítorí bàbà a máa mú kí síǹkì tètè tán.

ÌPARÍ Ọ̀RỌ̀

Ìṣirò tí a ṣe lónìí kò mọ sórí òrùlé nìkan. Bí ẹnìkan bá ta ẹ̀gbà ọrùn fún yín tí ó ní wúrà ni wọ́n fi bò ó, ọ̀nà kan náà ni a ó fi mọ iye wúrà rẹ̀. Bí aṣọ wúrà náà bá nípọn tó ìdajì máíkírọ́ọ̀nù, ìpele átọ́ọ̀mù rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 2,000. Ó ń dán bí wúrà gidi, wúrà gidi sì ni, ṣùgbọ́n ó fẹ́lẹ́, aṣọ àti òógùn yóò fi ara ha á títí yóò fi tán.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, èmi yóò fẹ́ kí ẹ gbìyànjú èyí. Ẹ bẹ olùkọ́ yín kí ó jẹ́ kí ẹ ṣe é pẹ̀lú ègé páànù tí káfíńtà gé dànù. Ẹ kọ iye tí ẹ bá rí sílẹ̀, kí ẹ sì kọ ọdún tí a fi páànù náà bo ilé. Bí ilé-ẹ̀kọ́ mélòó kan ní agbègbè wa bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún díẹ̀, a ó mọ iye máíkírọ́ọ̀nù tí òjò Ọ̀fà gan-an ń jẹ lọ́dún, kì í ṣe ti ìlú òkèèrè. Ìmọ̀ náà yóò wúlò fún gbogbo ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́lé lẹ́yìn wa.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ mú ìbéèrè kan ṣoṣo lọ sílé: gíráàmù síǹkì mélòó ni ó wà lórí páànù tí mo fẹ́ rà? Ẹni tí ó bá béèrè kí ó tó sanwó ni yóò sùn lábẹ́ òrùlé rẹ̀ nígbà òjò láìgbé abọ́ kalẹ̀ fún ìjò.